Bẹ́ ẹ ṣe máa bèèrè ìrànwọ́ fún ọmọ yín ní súkùù ìjọba l'Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibi tí èmi fúnra mi ti kọsẹ̀. Nígbà tí tíṣà pè mí pé ọmọ mi ò lè jókòó sójú kan, pé ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu ẹ̀ bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ńṣe ni mo fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ lórí fóònù, ẹ ṣé mà, a dúpẹ́ mà, wọ́n ní àwọn á ṣì máa wò ó ná, mo ní kò burú. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi wò ó. Kò sáyẹ̀wò, kò sí lẹ́tà, kò sí mítìngì, ìgbà tí mo wá lọ bínú wọ́n ní ṣé mo bèèrè fún àyẹ̀wò ni? Mo ní mo sọ̀rọ̀ ṣáà. Wọ́n ní ìwé ẹ̀ dà?

Torí náà n tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀.

District ni wọ́n ń pe àwọn tó ń darí súkùù ìjọba ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Òfin àpapọ̀ kan sì wà tó de gbogbo wọn, IDEA lorúkọ ẹ̀ báyìí, ọdún 1975 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lábẹ́ orúkọ míì. Ó ní ọmọ àkàndá láti ọmọ ọdún 3 títí dé 21, tàbí títí á fi gba díplómà, lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ tó bá a mu lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ò tíì pé 3, ètò tiẹ̀ yàtọ̀, early intervention ni wọ́n ń pè é, ẹ bi dókítà ọmọ yín. Àwọn tó ń bẹ̀rù torí ìwé ìgbélùú, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí èyí, láti 1982 nilé ẹjọ́ tó ga jù ti dájọ́ pé ọmọ tí ò ní ìwé náà láǹfààní láti lọ súkùù ìjọba, special ed, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ọmọ àkàndá, sì wà nínú ẹ̀.

Lẹ́tà yẹn ò gba gírámà rárá. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí ẹ̀, kíláàsì ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ̀ ń bèèrè kí district ṣe àyẹ̀wò kíkún fún un láti mọ̀ bóyá ó nílò special education, kí wọ́n yẹ gbogbo ibi tẹ́ ẹ rò pé ìṣòro wà wò. Lẹ́yìn náà ẹ ka àpẹẹrẹ bíi 3 tẹ́ ẹ fojú ara yín rí, ó ti pé ọmọ ọdún 7 kò tíì lè ka ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta, ó máa ń fọwọ́ dí etí sunkún tí aago bá dún, kò lè tẹ̀ lé iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an lẹ́ẹ̀mejì pa pọ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mi ń ṣe wérewère" ò ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí principal àti ọ́fíìsì special education ti district nígbà kan náà, torí ímeèlì ti ní déètì lára. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi mú un lọ, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Tèmi, ìlà 6 péré ni, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí fọ́ọ̀mù fi dé, lẹ́yìn ọdún kan tí wọ́n ti ń "wò ó".

Bí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ wọn, ọ̀kan nínú méjì ni: kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé àwọn ò ṣe é àti ìdí tí àwọn ò fi ṣe é. Prior written notice ni ìwé kejì yẹn ń jẹ́, ẹ dárúkọ ẹ̀ gan-an tẹ́ ẹ bá ń bèèrè, ohùn wọn á yí padà. Wọ́n lè ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbìyànjú àwọn nǹkan kan ní kíláàsì ná. Ó dáa, kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí wọ́n fi ìyẹn dá àyẹ̀wò dúró.

Ẹ tètè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn o! Ọjọ́ tẹ́ ẹ buwọ́ lù ú tó dé ọwọ́ wọn ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ lẹ́tà. Ọjọ́ 60 ni òfin àpapọ̀ sọ, àmọ́ ìpínlẹ̀ lè ní tiẹ̀, Texas fún àpẹẹrẹ, ọjọ́ 45 ni, ọjọ́ tí súkùù ṣí nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ẹ̀rù má bà yín pé ẹ ti fọwọ́ sí i kí wọ́n gbé ọmọ lọ kíláàsì míì, rárá, ìyọ̀ǹda àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ìyọ̀ǹda ìrànwọ́, wọ́n ṣì máa wá gba èkejì lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ èdè wá ńkọ́? Àwọn kan á ní Yorùbá tẹ́ ẹ ń sọ nílé ló dà á rú. Irọ́ ni, sísọ èdè méjì kì í fa kí ọmọ pẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má torí ẹ̀ pa Yorùbá tì. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ pe ọmọ ní àkàndá torí pé Gẹ̀ẹ́sì ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, èdè tí ọmọ gbọ́ dáadáa ló sì yẹ kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, àyàfi tí kò bá ṣeé ṣe rárá. Ọmọ tó dé láti Nàìjíríà lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó dé lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó nílò ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe mítìngì láàárín ọjọ́ 30 láti kọ IEP, ìyẹn ìwé tó sọ ìrànwọ́ tí wọ́n máa ṣe fún ọmọ yẹn gan-an. Ibí yìí gan-an la ti máa ń sùn. Ẹ máa wọlé ẹ máa bá èèyàn bíi 6 tàbí 7, tíṣà kíláàsì, tíṣà special ed, ẹni tó ń ṣojú district, ẹni tó máa túmọ̀ àyẹ̀wò, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti tẹ ìwé olójú 20 sílẹ̀, bírò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òfin ka ẹ̀yin náà mọ́ àwọn tó ń kọ IEP, ẹ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé ṣáájú pé kí wọ́n fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí yín kí ọjọ́ mítìngì tó pé. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá, district ló máa sanwó ẹ̀, ẹ má sì fi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣe ògbufọ̀ o, ọmọ ọdún 13 ò lè túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó má gé e kù. Ẹ lè mú ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n yín dání, kó ṣáà máa kọ nǹkan sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wo nọ́ńbà. "A máa ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ" ò túmọ̀ sí nǹkankan. Ìṣẹ́jú mélòó, ìgbà mélòó lọ́sẹ̀, ta ló máa ṣe é, òun nìkan àbí pẹ̀lú ọmọ márùn-ún míì, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń mọ̀ ọ́n? Ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yàtọ̀ sí "bó bá ṣe yẹ". Tí ò bá sí nínú ìwé, ẹ má retí ẹ̀. Ẹ má sì buwọ́ lù ú lórí tábìlì yẹn, ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e lọlé lọ kà, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ ìrànwọ́ láìsí ìyọ̀ǹda yín nínú ìwé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún IEP yẹ̀ wò, àyẹ̀wò tuntun sì máa ń wáyé ó kéré tán lọ́dún 3 sí 3. Tí àyẹ̀wò wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè bèèrè pé kí ẹlòmíì tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ṣe òmíì lówó district, wọ́n á sanwó ẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ gbèjà tiwọn níwájú adájọ́.

Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀, bàbá ọmọ lè má fẹ́ gbọ́ ọ sétí, màámá nílé á ní ẹ má fi ọwọ́ yín kọ ọ́ sí ọmọ lọ́rùn. Ìwé ọmọ ò ṣeé pín kiri, òfin dè é, ẹ̀yin sì lè bèèrè láti wo gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 45 lọ.

Ti ìlera wá ńkọ́? Ọmọ lè mọ̀wé dáadáa kó jẹ́ pé ara ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, fòníkú-fọ̀ladìde, ikọ́ fée (asthma), àtọ̀gbẹ, wárápá. Tirú wọn lè jẹ́ 504, ìyẹn ìwé ètò tó sọ ohun tí súkùù máa ṣe fún ọmọ torí àìlera ẹ̀, látinú òfin 1973. Bákan náà lẹ ṣe ń bèèrè ẹ̀, lẹ́tà àti déètì, ẹ wá fi ìwé dókítà kún un. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ó lè gbé ìgò omi jókòó sí kíláàsì, pé ó lè lọ tọ̀ nígbàkígbà, pé kò ní dúró síta nínú òtútù, pé tó bá wọ ọsibítù iṣẹ́ súkùù á dúró dè é, pé tí ara ẹ̀ bá gbóná wọ́n á pè yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn tó gbẹ̀yìn yẹn ní lẹ́tà ńlá.

Oògùn: ẹ má dì í sínú báàgì ọmọ, wọn ì báà jẹ́ paracetamol. Nọ́ọ̀sì súkùù máa ń fẹ́ fọ́ọ̀mù tí dókítà àtẹ̀yin buwọ́ lù, àti oògùn nínú ike tó ti ilé oògùn wá, lọ́dọọdún lẹ sì máa tún fọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣe. Ti inhaler, èyí tí ọmọ tó ní ikọ́ fée fi ń fa oògùn sẹ́nu, ló yàtọ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ní òfin tó jẹ́ kí ọmọ lè mú un dání, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà ló ń ṣíwájú ẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lówó nọ́ọ̀sì fún ọmọ tó wà lórí IEP, ẹ rántí ẹjọ́ Cedar Rapids ti 1999. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Garret F., ẹ̀rọ ló ń bá a mí, district ní owó nọ́ọ̀sì tó máa dúró tì í ní gbogbo àsìkò súkùù ti wọ́n jù, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ẹ san án.

Tí gbogbo ẹ̀ bá dìjà, ẹ má pariwo ní ọ́fíìsì. Ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ yín, kó má ju ọdún kan lọ sígbà tọ́rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ 60 láti dá yín lóhùn, kò sì gba lọ́yà. Due process ló le jù, ìyẹn dà bí ilé ẹjọ́, ẹ gba ìmọ̀ràn kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibùdó tó ń kọ́ òbí nípa nǹkan wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́, Parent Training and Information Center ni wọ́n ń pè é, ẹ fi orúkọ ìpínlẹ̀ yín kún un kẹ́ ẹ wá a lórí Google. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi yín ni déètì tẹ́ ẹ kọ lẹ́tà.