Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Àwọn Ìyá Ọlọ́jà Jọ Kọ́ Ìwé

Ẹ má tíì ra pátákó ìkọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ìsọ̀ àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú kí n tó dárúkọ ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n: ẹnì kan ń bẹ ọmọ aládùúgbò kó bá òun ka alẹ́ẹ̀tì báńkì, òmíràn lọ ìpàdé òbí, ó jókòó sẹ́yìn, kò lanu títí wọ́n fi túká.

Ìgbà tí irú wọn bá ní "Tíṣà, mo fẹ́ mọ̀wé" ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí fún Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà nìyẹn, ní Abẹ́òkúta wa níbí. Àwọn obìnrin alákọ̀wé ló wà nínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, àfìgbà tí ìyá ọlọ́jà kan wá ní kó kọ́ òun ní ìwé. Nígbà tó fi di 1946, ẹgbẹ́ náà ti di ti gbogbo obìnrin ìlú, àwọn náà ló sì dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin.

Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ jókòó yíká. Ọ̀pọ̀ wọn ló lè bí mi, ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń kí wọn. Orúkọ oníkálukú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe A, B, D.

Ìyá kan wà tó ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti kékeré. Wọ́n di pẹ́ńsùlù mú bí ọmọ odó, ẹnu rẹ̀ kán. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti gbó jù. Mo bá gbé abọ́ ẹ̀kọ àti ìyẹ́ wá, mo tẹ́ aṣọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn dúró ṣánṣán, kò gbọ̀n rárá. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Èmi ni mo kọ èyí?"

Ẹ fi àjọ kún un, kí ìwé àjọ sì jẹ́ ìwé kíkà yín: oníkálukú á kọ orúkọ ara rẹ̀ àti iye tó dá.

Ẹ má ṣe tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe níwájú ẹgbẹ́. Mo ṣe é nígbà kan, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ìyá náà kò sì padà wá mọ́. Ó ń dùn mí dòní.

Bí ìpàdé òbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń lọ dìde sọ ohun tó fẹ́ sọ níwájú yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ náà, kí ẹni méjì tẹ̀ lé e. Iwájú ni kí wọ́n jókòó sí.