Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé 2⁶¹ − 1 kì í ṣe práìmù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìperu. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà práìmù ńlá kan (èyí tí nọ́ńbà odidi kankan kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀) hàn wọ́n, 2305843009213693951, ìyẹn 2⁶¹ − 1. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, 2305843009213690000 ló gbé jáde. Ọmọ kan ní ohun tó bá ti parí sí òdo, 2 á pín in. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Àbúrò, bá mi yìn ín, òótọ́ ló sọ. Excel ló gé nọ́ńbà yín kúrú. Díjíìtì 15 péré ló ń pa mọ́, 19 sì ni tiyín, ló bá fi òdo dí ààyè mẹ́rin tó kù. Práìmù ni nọ́ńbà náà o. Àlùfáà ará Rọ́ṣíà kan, Ivan Pervushin, ti fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 1883, láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Orí mi máa ń wú bí mo bá rántí rẹ̀. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kí o lò, kì í gé nọ́ńbà odidi.

Ìbéèrè: Mo kọ 2^61-1 sínú Python, 62 ló fún mi.

Ìdáhùn: Àmì ^ yẹn kì í ṣe ti ìlọ́po níbẹ̀, ** ni. Kọ 2**61-1. Bí o bá fẹ́ pín in, % ni kí o lò kó fún ọ ní àṣẹ́kù. Bí o bá lo / , á sọ ọ́ di oní-dẹ́símà, ìparí rẹ̀ á tún sọnù.

Ìbéèrè: Mo ní kó máa fi 3, 5, 7 pín in lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tán, iná ò sí, kò sì tíì parí.

Ìdáhùn: Ó gbọ́dọ̀ pín in dé nǹkan bí 1,518,500,249 (tí a bá fi ìyẹn lọ́po ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2⁶¹ − 1) kó tó dá ọ lóhùn. Má fi bátìrì ṣòfò mọ́. Práìmù yòówù tó bá máa pín 2⁶¹ − 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù tí a bá fi 122 pín in, nítorí náà nǹkan bí mílíọ̀nù 12 péré ló yẹ kó yẹ̀ wò.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Lucas àti Lehmer. Bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yọ 2, fi nọ́ńbà tí ò ń yẹ̀ wò pín in, mú àṣẹ́kù, kí o tún un ṣe. Fi 31, ìyẹn 2⁵ − 1, dán an wò lójú pátákó: 4 di 14, 14 di 194, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 8, 8 di 62, 31 sì pín in láìṣẹ́kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, torí 5 yọ 2 jẹ́ 3. Bó bá já sí òdo nígbẹ̀yìn, práìmù ni. Ìgbà 59 ni tìrẹ, Python á ṣe é kí o tó ṣẹ́jú:

M = 2**61-1
s = 4
for i in range(59): s = (s*s-2) % M
print(s)

Ìbéèrè: Ṣé bí 61 ṣe jẹ́ práìmù yẹn ti tó láti fi mọ̀ pé práìmù ni 2⁶¹ − 1?

Ìdáhùn: Kò tó rárá! Práìmù ni 11, ṣùgbọ́n 2¹¹ − 1 jẹ́ 2047, 23 × 89 nìyẹn. Práìmù ni 67 náà, síbẹ̀ Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1903 pé 193707721 × 761838257287 ni 2⁶⁷ − 1. Kọ 2047 sójú pátákó, kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá 23 rí.