Bí a ṣe ń yan wáìnì tó ń hó tí kò wọ́n tó ṣampéènì

Ẹni tó ń múra ìgbéyàwó ní Abuja kò níláti gbé ṣampéènì sórí gbogbo tábìlì. Àgbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé nìkan ni òfin fún ní orúkọ yẹn, orúkọ náà sì wà lára ohun tí à ń sanwó fún.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, kí ẹ má wo bébà aláwọ̀ wúrà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí Cava láti Sípéènì, Crémant láti ilẹ̀ Faransé tàbí Cap Classique láti South Africa, inú ìgò gan-an ni ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bíi ti ṣampéènì: wọ́n dé ìgò náà pa, afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú jáde kò ríbi gbà lọ, ó sì wọnú ọtí. Orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà yẹn ni ọtí ti ń gba òórùn búrẹ́dì. Ó kéré tán, Cava àti Crémant ń lo oṣù 9 lórí rẹ̀, Cap Classique ń lo 12. Ṣampéènì kò sì gbọ́dọ̀ dé ọjà kí ó tó pé oṣù 15 nínú ìgò. Inú táǹkì ńlá ni wọ́n sábà ti ń ṣe Prosecco ti Ítálì, nítorí náà òórùn èso ni ó ń ta. Fún ẹni tí yóò bu omi ọsàn lù ú, èmi kò ní dámọ̀ràn òmíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ó ṣe dùn tó. Ṣúgà Brut kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Extra Dry ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí pé ‘dry’ túmọ̀ sí ọtí tí kò dùn, síbẹ̀ ó dùn ju Brut lọ. Bí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yín bá ta dáadáa, Extra Dry ni kí ẹ mú, torí ata a máa mú kí Brut korò lẹ́nu. Demi-Sec, tó dùn ju méjèèjì lọ, ni ti kéèkì.

Ẹ má ra ìgò tí oòrùn ti ń pa níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nínú ooru oṣù kẹta ní Abuja, fíríìjì nìkan kì í tètè tó: ẹ po yìnyín, omi àti ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ri ìgò náà sínú rẹ̀ títí dé ọrùn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgò tí a bá gbàgbé sínú fírísà lè bẹ́.

Agbára afẹ́fẹ́ inú ìgò wáìnì tó ń hó lè ju ìlọ́po méjì ti táyà mọ́tò lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń tú wáyà rẹ̀, ẹ dagun ìgò díẹ̀, ẹ di ìdérí mú ṣinṣin, kí ẹ wá máa yí ìdí ìgò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgò kan máa ń kún ife 6.