Owó tó lé nínú Roth IRA: ohun tí ẹni tó ti padà sí Abẹ́òkúta máa ṣe kí ìtanràn tó gorí ìtanràn

Ẹni tó ti Amẹ́ríkà padà sí Abẹ́òkúta, tí ìwé ọmọ-ìlú tàbí green card ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ IRS, àjọ agbowó-orí wọn. Bí ọ̀ràn ṣe máa ń bẹ́ rèé: owó-oṣù tó ń gbà ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ó fi Fọ́ọ̀mù 2555 yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú owó-orí, torí pé kò tó $130,000 tí wọ́n gbà láàyè fún ọdún 2025. Ṣùgbọ́n àkáǹtì rẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì ń dá owó lóṣooṣù sínú Roth IRA, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ẹni tó ní owó iṣẹ́ nìkan ló lè fi owó sí i. Owó tí ẹ bá ti fi 2555 yọ, IRS kò kà á sí owó iṣẹ́ fún IRA mọ́. Owó ilé tí ayálégbé ń san ní Àsèrò àti owó ìfẹ̀yìntì náà kì í ṣe owó iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ kò tilẹ̀ kọjá $7,000 tó jẹ́ òdiwọ̀n ọdún 2025, gbogbo rẹ̀ pátá ló lé.

Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 6%, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gbà á. $7,000 máa bí $420. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọdún tó tẹ̀ lé e parí, $420 mìíràn nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ dá owó tó ń wọlé fúnra rẹ̀ yẹn dúró, lónìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkáǹtì náà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ New York jẹ́ aago méjì ọ̀sán wa nígbà ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́ta nígbà òtútù. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà yín gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́, torí orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kóòdù ìdánimọ̀ sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń há sí nìyí. Ẹ sọ fún wọn pé "removal of excess contribution" lẹ fẹ́, ìyẹn yíyọ owó tó lé. Ẹ má kàn fa owó yọ lórí áàpù bí ẹni ń gba owó lásán.

Bẹ́ẹ bá ṣe é kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá, 6% kò ní wáyé. Ẹni tó fi ìwé owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́ lásìkò ní àyè títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Èrè tí owó náà pa gbọ́dọ̀ bá a jáde. Ká ní $21,000 ló wà níbẹ̀ kí ẹ tó fi $7,000 kún un lẹ́ẹ̀kan náà: $28,000. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́, ó ti di $29,400. Èrè jẹ́ $1,400, ìyẹn 5% ti $28,000. 5% ti $7,000 jẹ́ $350. $7,350 ló máa jáde. $350 yẹn jẹ́ owó tó wọlé fún ọdún tí ẹ fi $7,000 síbẹ̀, kì í ṣe ọdún tí ẹ yọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù 1099-R, ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń sọ iye tó jáde, máa dé ní oṣù kìíní lẹ́yìn ọdún tí ẹ yọ ọ́. Ẹ wo àpótí keje: 8 àti J, ọdún tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ló ni owó-orí èrè náà, P àti J, ọdún tó ṣáájú ni. Bó bá jẹ́ J nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ bíi pé ẹ kàn yọ owó kí àsìkò tó tó. Ẹ ní kí wọ́n tún un kọ.

Bí àsìkò bá ti kọjá, $7,000 nìkan ni kí ẹ yọ, kí èrè dúró. Ẹ kọ Fọ́ọ̀mù 5329, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò ìtanràn 6% náà, fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí owó náà fi wà níbẹ̀, Part IV, lórí fọ́ọ̀mù ọdún yẹn gan-an.

Àwọn kan á ní kí ẹ sọ ọ́ di Traditional IRA, oríṣi IRA kejì tí òun náà ń fẹ́ owó iṣẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù fún Roth nìyẹn wúlò fún. Ẹni tí kò ní owó iṣẹ́ rárá, ibi kan náà ló máa já sí.

Bẹ́ẹ bá ṣì fẹ́ máa fi owó síbẹ̀, ẹ fi 2555 sílẹ̀, kẹ́ ẹ lo Fọ́ọ̀mù 1116, èyí tó ń fi owó-orí tí ẹ san nílẹ̀ òkèèrè dín ti Amẹ́ríkà kù, pẹ̀lú rìsíìtì PAYE tí ẹ san fún Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó dáadáa, torí ẹni tó bá fi 2555 sílẹ̀ kò lè padà sí i fún ọdún márùn-ún láìgba àṣẹ IRS.