Bí mo ṣe tọ «àlejò» inú Bíbélì lọ sí Hébérù àti Gíríìkì

Ẹ ṣí Diutarónómì orí 14, ẹsẹ 21. Òfin ní ọmọ Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀. Kí ni kó wá fi ṣe? Kó fún àlejò tó wà nínú ibodè rẹ̀ kó jẹ ẹ́, tàbí kó tà á fún àjèjì. Ọ̀kan gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìkejì sanwó. Ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí «ẹ fẹ́ràn àlejò» ni mo ń múra rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹsẹ yìí dá mi dúró. Ta ni àlejò, ta sì ni àjèjì?

Mi ò gbọ́ Hébérù, mi ò sì gbọ́ Gíríìkì. Ohun tí mo fi ṣiṣẹ́ ni Bíbélì Mímọ́ wa àtijọ́, Bíbélì King James, fóònù mi àti ìwé tí mo fi rúlà pín sí òpó mẹ́rin. Gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́ nọ́ńbà tí James Strong fún ọ̀rọ̀ Hébérù àti Gíríìkì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tó jáde ní 1890. Lẹ́tà H ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà Hébérù, G sì ni ti Gíríìkì. King James ni Strong fi ṣe ìwé náà, nítorí náà a ní láti gba ọ̀dọ̀ Òyìnbó kọjá ká tó débẹ̀. Tí mo bá rí ẹsẹ kan nínú Yorùbá, mo máa ń ṣí ẹsẹ kan náà nínú King James lórí Blue Letter Bible, ìkànnì Bíbélì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n sì tẹ nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró síbẹ̀ yẹn, wọ́n á ka ìtumọ̀ inú ìwé atúmọ̀, wọ́n á gun àga ìwàásù. Èmi fi nọ́ńbà náà wá gbogbo ibi tó tún ti jáde. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ Òyìnbó wá a, ọ̀rọ̀ Hébérù mẹ́rin ni yóò dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú yín: ger (H1616), toshab (H8453), nokri (H5237) àti zar (H2114). Ohun tí mo sì kọ sínú òpó kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìtumọ̀. Ohun tí òfin gbà kí ẹni náà ṣe, àti ohun tí òfin gbà kí wọ́n ṣe sí i, ni mo kọ.

Òpó ger, ìyẹn àlejò inú Diutarónómì 14:21, ló kọ́kọ́ kún, nítorí ọ̀rọ̀ náà jáde ní ìgbà 92. Ger ń sinmi lọ́jọ́ ìsinmi bí onílé. Bó bá kọlà, ó lè bá wọn jẹ Àjọ Ìrékọjá. Wọn kò gbọdọ̀ kórè dé etí oko, kí òun àti tálákà lè rí nǹkan mú (Léfítíkù 19:9-10). Òun náà ni ẹsẹ 34 nínú orí kan náà ní kí wọ́n fẹ́ràn bí ara wọn. Léraléra ni wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ opó àti aláìníbaba. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ilẹ̀ ni. Ẹ̀yà ni wọ́n fi pín ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ger kò sì ní ẹ̀yà tí yóò ti gba tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àtìpó ṣe ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ nílẹ̀ wa, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ láti ìran dé ìran, kò ní pẹ́ lóye èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ìṣákọ́lẹ̀ nínú òfin Mósè.

Jẹ́nẹ́sísì 23 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí yé mi jù. Ábúráhámù lówó, ó lẹ́ran, ó ní ìránṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí Sárà kú, kò ní ibi tí yóò sin ín sí. Ó dìde níwájú àwọn ọmọ Hétì, ó ní ger àti toshab ni òun láàárín wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun nílẹ̀ ìsìnkú. Toshab ni àtìpó tó ti jókòó síbì kan, ìgbà 14 péré ló sì jáde. 400 ṣékélì fàdákà ni Éfúrónì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ Mákípélà, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. (Àwọn tó ti ra ilẹ̀ rí mọ irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀.) Nínú Léfítíkù 25:23, Ọlọ́run wá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kan náà pe àwọn ọmọ Ísírẹ́lì: ilẹ̀ jẹ́ tèmi, ger àti toshab lẹ jẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Òpó nokri, ìyẹn àjèjì inú Diutarónómì 14:21, le díẹ̀. Wọ́n lè gba èlé lórí owó tí wọ́n yá a, ọdún ìdásílẹ̀ kò pa gbèsè tirẹ̀ rẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ fi í jọba. Ní tèmi, mi ò pe èyí ní ìkórìíra. Ó jọ ẹni tí ilé rẹ̀ wà níbòmíràn, tó wá nítorí òwò. Sólómọ́nì gbàdúrà fún un nígbà tó ń ya tẹ́ńpìlì sí mímọ́, pé bí nokri bá ti ọ̀nà jíjìn wá, kí Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀ (1 Àwọn Ọba 8:41-43). Rúùtù ni mo pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ jù nínú òpó yìí. Ó ti ń pèéṣẹ́ lóko Bóásì, ẹ̀tọ́ tí òfin fún ger, síbẹ̀ nokriyah ló pe ara rẹ̀ ní orí 2, ẹsẹ 10, ìyẹn nokri obìnrin. Ó dì mọ́ Náómì, ó ti ní ènìyàn rẹ ni yóò jẹ́ ènìyàn mi, ṣùgbọ́n kò bá Bóásì sọ ẹ̀tọ́ kankan. Mo rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Zar kò gbà mí lákòókò. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Léfì tó bá súnmọ́ àgọ́ ni Númérì 1:51 pè bẹ́ẹ̀, ọmọ Júdà pàápàá lè jẹ́ zar níbẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́.

Kí n tó dé Májẹ̀mú Tuntun, mo kọ́kọ́ gba inú Septuagint kọjá, ìyẹn Májẹ̀mú Láéláé tí àwọn Júù túmọ̀ sí Gíríìkì ṣáájú ìgbà Jésù. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí. Níbẹ̀, proselytos ni ger sábà máa ń dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fi dé Mátíù 23:15, proselytos ti di ẹni tó wọ ẹ̀sìn Júù, tí Bíbélì wa ń pè ní aláwọ̀ṣe. Ẹni tó bá fi xenos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àlejò, nìkan wá àlejò nínú Májẹ̀mú Tuntun kò ní rí ger mọ́.

Septuagint yìí náà ló fi Pétérù hàn mí. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 23:4, paroikos àti parepidemos ni Ábúráhámù pe ara rẹ̀ ní Gíríìkì. Ẹ wá wo 1 Pétérù 2:11, níbi tí Yorùbá ti ní «bí àlejò àti bí èrò»: ọ̀rọ̀ méjì yẹn gan-an ni. Ọ̀rọ̀ tí Ábúráhámù fi tọrọ ilẹ̀ ìsìnkú ni Pétérù ń fi pe ìjọ.

Xenos ní tirẹ̀ jáde ní ìgbà 14. Òun ni Jésù lò nígbà tó ní «mo jẹ́ àlejò, ẹ sì gbà mí sílé». Ní Róòmù 16:23, Gáyù ni Pọ́ọ̀lù pè ní xenos rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé Gáyù ni Pọ́ọ̀lù wọ̀ sí! Ẹni tó gbàlejò àti ẹni tó wá ṣàlejò ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Allogenes (G241), ìyẹn ẹni tó wá láti ìran mìíràn, kò jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní Lúùkù 17:18, lórí ará Samáríà tó padà wá dúpẹ́. Mo fẹ́ fò ó, àfi ìgbà tí mo rántí òkúta kan tí Charles Clermont-Ganneau rí ní Jerúsálẹ́mù ní 1871, tó wà ní Istanbul báyìí. Ara ọgbà tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti gbé e kọ́: allogenes kankan kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tí wọ́n bá sì mú, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí fún ẹgbẹ́ wa, màmá kan ní kí n tún Lúùkù 17 kà láti ẹsẹ 11. A kò kúrò lórí rẹ̀ títí àkókò fi tán.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti H1616, kí ẹ sì ka orí tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan wà tán. Ẹ ṣọ́ Hébérù 13:2: gbólóhùn tí Yorùbá àti King James fi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan kọ, philoxenia (G5381) kan ṣoṣo ni ní Gíríìkì, kò sì ní jáde bí ẹ bá fi nọ́ńbà xenos wá a.