Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Jíjó Irin Mọ́ Irin Nílé

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìjórin sílé sábà máa ń bẹ̀rù ohun tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Iná tí ń ta lẹ́nu ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá irin tí ń yọ́ láti so irin mọ́ irin) ni ó ń sá fún, inú ìbẹ̀rù yìí sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá, bẹ́ẹ̀ àwọn ohun tí ó lè ṣe é léṣe ní tòótọ́ wà nítòsí rẹ̀, wọn kò fọhùn.

Àkọ́kọ́ ni pé yóò yí agbára iná ẹ̀rọ sílẹ̀ jù, nítorí ó rò pé iná kékeré ni apá òun yóò ká. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́kítíróòdù yóò máa lẹ̀ mọ́ irin, èyí tí ó bá sì yọ́ yóò kàn gorí irin jókòó bí ìda àbẹ́là láìwọ inú rẹ̀. Ẹlẹ́kítíróòdù irú E6013 tí ó nípọn tó mìlímítà 2.5 sábà máa ń fẹ́ nǹkan bí áḿpù 60 sí 90, èyí tí ó jẹ́ 3.2 sì ń fẹ́ nǹkan bí 90 sí 130. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ tó máa yí i sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìbẹ̀rù kan náà ni ó ń mú kí ó gbé ẹnu ẹlẹ́kítíróòdù jìnnà sí irin. Àlàfo àárín wọn kò yẹ kí ó ju bí irin inú ẹlẹ́kítíróòdù náà ṣe nípọn tó lọ. Bí ó bá ti jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò ráyè wọ inú irin yíyọ́, ihò wẹẹrẹ yóò kún ojú ibi tí a jó, ẹ̀ta iná yóò sì fọ́n káàkiri. Níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́kítíróòdù ń jó tán lọ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e. Etí sábà máa ń mọ èyí ṣáájú ojú, nítorí pé àlàfo tí ó ṣe déédéé máa ń dún ṣáá láìdáwọ́ dúró, bí ohun tí a ń dín nínú òróró. Irin yíyọ́ ni kí ojú wà lára rẹ̀, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ iná.

Ẹ má ṣe fi irin fẹlẹfẹlẹ kọ́ iṣẹ́, nítorí yóò lu. Irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 6 ni ó máa ń fara da ọwọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀dà àti ìpẹtà ńkọ́? Mo ti fi odidi ọ̀sán kan di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ rí, kí n tó rí i pé orí ọ̀dà ni mo fi ẹnu wáyà ilẹ̀ (wáyà tí ó so ẹ̀rọ mọ́ irin tí a ń jó) há. Ẹ ha irin títí yóò fi dán, níbi tí ẹ fẹ́ jó àti níbi tí wáyà ilẹ̀ yóò ti gbá a mú. Bí ẹ bá fẹ́ jó orí èyí tí ẹ ti jó tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbá ìdàrọ́ rẹ̀ (èèpo líle tí ó bo ojú ibi tí a jó) kúrò pátápátá, kí ó má baà há sínú.

Ní ti ewu tòótọ́, ojú ni ó ṣáájú. Láìsí gíláàsì dúdú nọ́ńbà 10 tàbí 11, ìmọ́lẹ̀ náà yóò sun ojú láìsí ìrora lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni yóò wá dà bíi pé wọ́n da yanrìn sí i, ó sì lè ṣe ẹni tí ń wòran bẹ́ẹ̀. Èéfín irin tí a fi síńkì bò máa ń fa ibà àti òtútù. Irin tí a fi oògùn ìnùdọ̀tí tí ó ní kílórínì nù lè mú gáàsì májèlé jáde. Àgbá tí ó ti gba epo bẹntiróòlù rí kò yẹ fún ọwọ́ ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ rárá, bí ó tilẹ̀ ti gbẹ, nítorí òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù. Bí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ máa wo igun tí ìdọ̀tí igi tàbí àkísà wà, nítorí ẹ̀ta iná kan lè máa jó lábẹ́nú pẹ́ kí èéfín rẹ̀ tó hàn.