Kí ẹ tó ka ìwé àdéhùn àwùjọ, ẹ mọ ohun tó ń ba òǹkọ̀wé lẹ́rù

Àdéhùn àwùjọ ni èrò pé àwọn ènìyàn ló jọ fohùn ṣọ̀kan láti gbé ìjọba kalẹ̀. Nínú àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí tó kọ̀wé nípa rẹ̀, Rousseau ni mo kọ́kọ́ kà, àṣìṣe sì ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ orí, n kò mọ ìdí. Hobbes ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí Locke tẹ̀ lé e, kí ẹ fi Rousseau parí.

Ẹ mú bébà kan fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọdún tí ìwé náà jáde sí òkè, kí ẹ kọ ohun tó ń ba òǹkọ̀wé lẹ́rù sí abẹ́ rẹ̀. Ti Hobbes jẹ́ 1651. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1642, wọ́n sì ti bẹ́ Ọba Charles Kìíní lórí ní 1649. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bi í pé kí ló dé tó fi ní bí kò bá sí ìjọba, oníkálukú á máa bá oníkálukú jagun. Ẹ̀rù ti Locke yàtọ̀: ọba tí kò sẹ́ni tó lè mú un. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1689, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ẹ wá fa ìlà sí àárín bébà. Ọ̀tún ni ohun tí ènìyàn fà lé ìjọba lọ́wọ́. Òsì ni ẹ̀tọ́ àbínibí tó dì mú, èyí tó ti ní kí ìjọba kankan tó wà. Ẹ má kánjú níbí. Ní ti Hobbes, ọ̀tún á kún, òsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìdáàbòbò ẹ̀mí ara ẹni ló kù: ọba láṣẹ láti ní kí wọ́n pa yín, ẹ̀yin náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá wọn wọ̀yá ìjà. (Ó ṣì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.) Locke kó ẹ̀mí, òmìnira àti dúkìá sí òsì. Ohun tó fi sílẹ̀ ni pé kí oníkálukú máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ níyà. Ìjọba tó bá da àwọn ènìyàn, wọ́n lè yọ ọ́.

Ìbéèrè tó kàn: ta ló fọwọ́ sí àdéhùn náà? Locke ní ẹni tó bá ti ń rìn lójú ọ̀nà ìlú ti gbà láìsọ̀rọ̀. Ní 1748, Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí mìíràn, dá a lóhùn: ẹni tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ ojú omi lójú oorun, tó jí láàárín òkun, ṣé a lè ní ó gbà sí ọ̀gá ọkọ̀ lẹ́nu nítorí pé kò bẹ́ sómi? Lójú tèmi, kò sí èsì fún un nínú ìwé Locke.

Ẹ tún fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ "gbogbo ènìyàn". Àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa ti bèèrè ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀: Carole Pateman ní àwọn obìnrin ńkọ́, ní 1988; Charles Mills ní àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́, ní 1997. Locke tó ń kọ nípa òmìnira yìí náà fi owó sínú Royal African Company, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣòwò ẹrú.

Ẹ lè wá ṣí ìwé Rousseau ti 1762, ìwé tí wọ́n dáná sun ní Geneva. Ó ní kí oníkálukú fi ara rẹ̀ àti gbogbo ohun tó ní fún àpapọ̀, síbẹ̀ kí ó wà lómìnira bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀tún, kí ẹ kọ ọ́ sí òsì náà. Bébà yẹn máa ń gbà mí ju ọjọ́ méjì lọ.